Agara Kì í Ṣe Ìmẹ́lẹ́

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí jẹ mọ́ iṣẹ́ àwọn olùtọ́jú ìwé ní ilé ìkàwé yunifásítì, pàápàá irú èyí tí a ní ní Ilé-Ifẹ̀ níbí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé iṣẹ́ ìrọ̀rùn ni: kí ènìyàn jókòó sábẹ́ òrùlé, kí ó máa fi òǹtẹ̀ lu ìwé, kí ó sì máa sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n dákẹ́. Ẹni tó kàn ló mọ̀. Agara ń dá àwọn kan nínú wọn. Kí ló fà á? Ta ni ó sì yẹ kí ó wá ojútùú sí i?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ti inú èdè wa wo ọ̀rọ̀ náà. Bí Yorùbá bá ní, ‘Ó rẹ̀ mí,’ oorun alẹ́ kan lè tó o. Bí ó bá ní, ‘Ó sú mi,’ ara lè le koko, ṣùgbọ́n ọkàn ti kúrò nídìí iṣẹ́. Bí ó bá wá ní, ‘Agara dá mi,’ ó ti gbà pé kò sí ohun tí òun lè ṣe tí yóò yọrí sí rere mọ́. Ohun mẹ́ta tó fara jọ èyí ni Christina Maslach àti Susan Jackson, àwọn onímọ̀ ìwà ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, fi ṣe òṣùwọ̀n ní 1981: àárẹ̀ ọkàn, àìka àwọn tí à ń ràn lọ́wọ́ sí ènìyàn mọ́, àti èrò pé iṣẹ́ ẹni kò já mọ́ nǹkan. Ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé là á mọ́lẹ̀ pé agara yìí kì í ṣe àrùn. Ohun tí wàhálà ibi iṣẹ́ tí a kò bójú tó ń bí ni.

Ohun àkọ́kọ́ tó ń fà á ni ẹrù méjì lórí kan ṣoṣo. Ní àwọn yunifásítì wa, a ka olùtọ́jú ìwé mọ́ àwọn olùkọ́. Bí kò bá ṣe ìwádìí, kí ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde, kò ní rí ìgbéga. Ṣùgbọ́n nígbà tí olùkọ́ lè fi àkókò ìsinmi akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀wé, ilé ìkàwé kì í sábà tilẹ̀kùn.

Èkejì ni iye àwọn òǹkàwé. Akẹ́kọ̀ọ́ 244 ni Yunifásítì Ifẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1962. Ó kó wá sí Ilé-Ifẹ̀ ní 1967; ó di Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1987; lónìí, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ju 30,000 lọ. Ilé ìkàwé tí a fi sọrí Hezekiah Olúwásanmí, gíwá láti 1966 sí 1975, ni gbogbo wọn ń wò lójú.

Ẹ̀kẹta ni owó. Nígbà tí ìjọba gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé kalẹ̀ ní 1986, náírà já wálẹ̀, àwọn ìwé àtìgbàdégbà tí à ń fi dọ́là tàbí pọ́n-ùn rà sì di ọ̀wọ́n gógó. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò rí ìwé kò mọ ẹni tí ń pín owó; ẹni tó bá nídìí tábìlì ni ó mọ̀, orí onítọ̀hún sì ni ìbínú ń bọ́ sí. Kí ènìyàn máa dáhùn pé ‘Kò sí’ láti àárọ̀ di alẹ́, ìyẹn gan-an ń jẹ ẹ̀mí run. Kọ̀ǹpútà pẹ̀lú dé, ó mú iṣẹ́ tuntun wá, kò sì kó gbogbo ti àtijọ́ lọ. Bákan náà, lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì oṣù mẹ́jọ ti 2022, kíákíá ni a fẹ́ fi dí àlàfo tó ṣí sílẹ̀.

Àwọn kan ń gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n sinmi, kí wọ́n sì máa ṣe eré ìdárayá. Ìmọ̀ràn rere ni, ‘ó rẹ̀ mí’ nìkan ló sì ń wò. Bí òrùlé bá ń jò, tí a ń nu ilẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́, omi kò ní tán nílẹ̀. Àwọn aláṣẹ ni yóò tún òrùlé ṣe. Kí wọ́n jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ máa pààrọ̀ ara wọn láàárín ìdí tábìlì àti yàrá tí a ti ń to ìwé. Kí wọ́n ya wákàtí sọ́tọ̀ fún ìwádìí wọn. Kí wọ́n tètè fi ẹlòmíràn rọ́pò ẹni tó bá lọ. Kí wọ́n sì fúnra wọn kéde ìdí tí ìwé kò fi sí, kí ẹni tí kò jẹ gbèsè yé san án.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Kí òṣìṣẹ́ tí agara ń dá má fi bò. Kí ó tètè sọ fún ọ̀gá àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Àwa òǹkàwé náà, ẹ jẹ́ kí a máa kí wọn kú iṣẹ́.

Bí ẹni tó mọ ibi tí ìwé wà bá ti jọ̀wọ́ ọkàn rẹ̀, ìwé tó wà lórí pẹpẹ kò yàtọ̀ sí èyí tí a kò rà.