Oko Tí Kì í Da Ohunkóhun Nù

Ọ̀pọ̀ nínú wa tí ariwo ìlú ńlá ti sú ń wí pé bí a bá ti dé oko, ìsinmi dé nìyẹn. Kí a tó di ẹrù wa, ẹ jẹ́ kí a wo oko Songhai ní Àjàṣẹ́, ní ilẹ̀ Benin, èyí tí Fadá Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní ọdún 1985 lórí hẹ́kítà ilẹ̀ kan. Níbẹ̀, ìgbẹ́ ẹran ń di ajílẹ̀ àti afẹ́fẹ́ ìdáná. Ìdin tí a sìn lórí ìdọ̀tí ń di oúnjẹ ẹja.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń bá ará dáko pọ̀, kì í ṣe ọkọ́ ni yóò kọ́kọ́ sú u, bí kò ṣe ẹnìkejì rẹ̀: ẹni tí ó pẹ́ jí, ẹni tí ó gbàgbé láti fún ẹlẹ́dẹ̀ lómi. Bí a kò bá da ìgbẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ nù, èé ṣe tí a ó fi kánjú da arákùnrin wa nù? Ẹ jẹ́ kí a bá a wí, kí a fi iṣẹ́ tí agbára rẹ̀ ká lé e lọ́wọ́, kí a sì mú sùúrù. Àgbàdo pàápàá kì í gbó lọ́jọ́ tí a gbìn ín.

Kí Olúwa bùkún iṣẹ́ ọwọ́ wa. Àmín.