Ẹ̀RỌ ÌTÚLẸ̀ ÀTIJỌ́ ÀTI ÀWỌN TÍ Ó FẸ́RÀN RẸ̀



Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá dá lórí katakata, èyíinì ni ẹ̀rọ tí a fi ń túlẹ̀ oko. Kì í sì í ṣe katakata titun, bí kò ṣe àwọn ògbólógbòó tí ọjọ́ iṣẹ́ wọn ti kọjá, tí àwọn ènìyàn kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Ireland ṣì ń rà, tí wọ́n ń tún ṣe, tí wọ́n sì ń fi ṣe ayọ̀ láàárín ara wọn. Bóyá ẹnìkan yóò wí nínú ọkàn rẹ̀ pé, kí ni ó kan ọmọ Yorùbá nínú irin àlòkù àwọn àgbẹ̀ òkèèrè? Mo bẹ̀ yín, ẹ ṣe sùúrù fún mi. Ohun tí mo fẹ́ fi yé yín kò ju ẹyọ kan lọ: owó lè mú kí ènìyàn ra ẹ̀rọ àtijọ́, ṣùgbọ́n ìmọ̀ tí ó ti ọwọ́ àgbà dé ọwọ́ ọmọdé nìkan ni ó lè mú kí ẹ̀rọ náà wà láàyè.

Kí a tó lè mọ ìdí tí ènìyàn fi lè fẹ́ràn irin, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí irin náà ṣe. Ní ayé àtijọ́, ẹṣin ni ó ń fa irin ìtúlẹ̀ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ oko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àgbẹ̀ a máa rìn tẹ̀lé ẹṣin rẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, a sì máa ya apá kan nínú oko rẹ̀ sọ́tọ̀ fún oúnjẹ ẹṣin. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀ ní 1914, ogun kó àwọn géńdé lọ, ó sì kó ẹṣin lọ pẹ̀lú wọn. Àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì sì ń mú àwọn ọkọ̀ tí ń kó oúnjẹ bọ̀ wá rì sínú òkun. Ebi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀kùn. Nígbà náà ni a yíjú sí Henry Ford ní Amẹ́ríkà, ẹni tí a bí sí oko, tí ó sì ti ń wá ọ̀nà láti dín làálàá àgbẹ̀ kù. Ní 1917 katakata rẹ̀ tí a ń pè ní Fordson bẹ̀rẹ̀ sí jáde, ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀ sì la òkun kọjá wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ṣùgbọ́n àléébù ńlá kan wà nínú àwọn katakata ìgbà náà. A kàn so irin ìtúlẹ̀ mọ́ wọn ní ìdí ni, gẹ́gẹ́ bí a ti ń so ó mọ́ ẹṣin. Bí irin náà bá kọ lu gbòǹgbò tàbí àpáta nínú ilẹ̀, ẹṣin a dúró. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò ní òye láti dúró. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ẹ̀yìn a máa yí síbẹ̀, iwájú rẹ̀ a gbé sókè, a sì ṣubú sẹ́yìn lé ẹni tí ó ń wà á lórí. Àwọn àgbẹ̀ tí ó kú irú ikú bẹ́ẹ̀ kì í ṣe díẹ̀.

Ẹni tí ó wá ojútùú sí ọ̀ràn yìí ni Harry Ferguson, ọmọ àgbẹ̀ kan tí a bí ní 1884 ní County Down, ní àríwá Ireland. Ọkùnrin yìí kì í fi ọwọ́ lẹ́rán. Ní ìparí ọdún 1909 ó fò nínú ọkọ̀ òfurufú tí òun tìkára rẹ̀ kọ́. Èrò rẹ̀ nípa katakata ni pé kí a má ṣe so irin ìtúlẹ̀ mọ́ ọn bí ẹrù, bí kò ṣe pé kí àwọn méjèèjì di ara kan. Ó fi apá irin mẹ́ta so wọ́n pọ̀, méjì nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè. Bí ilẹ̀ bá ti ń di irin ìtúlẹ̀ mú, bẹ́ẹ̀ ni apá òkè ń ti ara katakata síwájú, tí kò sì jẹ́ kí iwájú rẹ̀ gbé sókè. Ó tún fi agbára ọ́ìlì tí a há mọ́ inú irin ṣe é, tí awakọ̀ fi lè fi ìka ọwọ́ rẹ̀ ti ọ̀pá kékeré kan, kí irin ìtúlẹ̀ sì gbé sókè tàbí kí ó sọ̀ kalẹ̀. Nípa báyìí, katakata kékeré tí kò wúwo bẹ̀rẹ̀ sí ṣe iṣẹ́ àwọn ńláńlá. Títí di òní olónìí, apá mẹ́ta yìí wà ní ìdí ọ̀pọ̀lọpọ̀ katakata káàkiri ayé, àti èyí tí ń túlẹ̀ ní oko tiwa pẹ̀lú.

Ní 1938 Ferguson bá Henry Ford dá àdéhùn pé kí Ford máa ṣe katakata náà ní Amẹ́ríkà. Wọn kò kọ ìwé. Ọwọ́ ni wọ́n bọ ara wọn. Nígbà tí ìṣàkóso ilé-iṣẹ́ náà bọ́ sí ọwọ́ ọmọ-ọmọ Ford, àdéhùn náà tú ká, ọ̀rọ̀ sì di ti ilé-ẹjọ́. Ní 1952 ni ẹjọ́ náà tó parí, tí a sì san dọ́là 9,250,000 fún Ferguson. Ẹ̀yin tí ń ṣòwò, ẹ gbọ́ èyí: ẹni tí a bọ̀ lọ́wọ́ lè lọ, kí ẹlòmíràn sì jókòó sí ipò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹjọ́ náà tó bẹ̀rẹ̀ rárá, Ferguson ti padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti 1946 títí di 1956 ni a ń ṣe katakata rẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ TE20 ní ìlú Coventry. Àwọ̀ eérú ni a fi kùn ún, àwọn àgbẹ̀ sì sọ ọ́ ní orúkọ ìfẹ́ tí ó túmọ̀ sí Ferguson kékeré aláwọ̀ eérú. Ó lé ní 500,000 tí a ṣe. Edmund Hillary, ẹni tí òun àti Tenzing Norgay gun orí òkè Everest ní 1953, mú mẹ́ta nínú wọn la yìnyín ìpẹ̀kun gúúsù ayé kọjá, ó sì dé ògógóró gúúsù ní ọjọ́ 4 oṣù kìíní ọdún 1958. Ẹ̀rọ tí a ṣe fún oko ọ̀dùnkún ni ó dé ibi tí ọkọ̀ kankan kò tíì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé rí.

Nítorí pé a ṣe púpọ̀ nínú wọn, púpọ̀ ni ó sì ṣẹ́kù, lára èyí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ olùfẹ́ katakata àtijọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìgbà mìíràn a máa bá a ní ẹ̀yìn àká, tí adìẹ ti yé sí orí ìjókòó rẹ̀, tí koríko ti bo ẹsẹ̀ rẹ̀, tí ìpáàrà sì ti di ẹ́ńjìnnì rẹ̀ mú. Ẹni tí ó rà á kò gbọdọ̀ fi ipá yí i. Ìmọ̀ràn tí yóò gbà lẹ́nu àwọn àgbà ẹgbẹ́ ni pé kí ó tú àwọn pulọ́ọ̀gì kúrò, kí ó da ọ́ìlì tí ó ṣàn sínú ihò wọn, kí ó sì dúró: bí ó ṣe ọjọ́ mélòó kan, bí ó sì ṣe ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́; ohun tí a bá fi agbára mú ni í le koko.

Ìmọ̀ mìíràn wà tí a kì í rí kọ́ bí a bá kàn ń wo ẹ̀rọ náà lásán. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn katakata wọ̀nyí ni ó ń jẹ oríṣi epo méjì. Bẹntiróòlù ni a fi ń jí wọn. Nígbà tí ara wọn bá gbóná tán ni a ó yí wọn sí oríṣi kẹrosíìnì kan tí owó rẹ̀ kéré jù. Bí ìrọ̀lẹ́ bá lẹ́, kí a tó pa á, a ó kọ́kọ́ dá a padà sí bẹntiróòlù, kí kẹrosíìnì má bà a wà ní ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́jú. Ẹni tí ó bá gbàgbé èyí yóò jìyà rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Bákan náà ni ti irin tí a fi ń yí ẹ́ńjìnnì láti iwájú. A kò gbọdọ̀ fi àtàǹpàkò yí i ká. Ẹ̀gbẹ́ kan náà pẹ̀lú ìka yòókù ni àtàǹpàkò gbọ́dọ̀ wà, nítorí pé bí ẹ́ńjìnnì bá ta padà, ó lè ṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn. Kò sí ohun tí ó ń kọ́ni ní èyí yá ju kí àgbà kan dúró tì ọ́, kí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti àtàǹpàkò rẹ sí ibi tí ó yẹ.

Níhìn-ín ni adùn ẹgbẹ́ wà. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, àwọn olùfẹ́ ẹ̀rọ wọ̀nyí a máa kó katakata wọn jọ sí pápá kan, wọn a sì máa wà á tẹ̀lé ara wọn ní ojú ọ̀nà abúlé láti kó owó jọ fún àwọn aláìsàn àti aláìní. Bí ìkórè bá ti parí, wọn a máa díje nínú títúlẹ̀. Kì í ṣe ẹni tí ó yára jù ni ó ń borí. Àwọn adájọ́ a rìn lọ rìn bọ̀ lórí ilẹ̀ náà, wọn a wò ó bóyá poro rẹ̀ gún, bóyá ó dọ́gba, bóyá ilẹ̀ bo koríko àti pòròpórò mọ́lẹ̀ dáadáa, àti bóyá ìparí rẹ̀ mọ́ bí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Olówó tí katakata rẹ̀ ń dán gbinrin lè fìdí rẹmi, kí arúgbó tí àwọ̀ katakata rẹ̀ ti ṣí sì gba ipò kìíní.

Ọ̀ràn àwọ̀ yìí pàápàá, iyàn ńlá ni láàárín wọn. Àwọn kan wí pé kí a ha gbogbo ìpáàrà kúrò, kí a kùn ún lọ́tun, kí ó rí bí ọjọ́ tí ó jáde ní ilé-iṣẹ́. Àwọn mìíràn wí pé rárá, ibi tí bàtà awakọ̀ ti jẹ irin lọ, àti ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti pa ọ̀dà rẹ́, ìtàn iṣẹ́ ẹni náà ni, ẹni tí ó bá kùn ún ti pa ìtàn náà rẹ́. Ní èrò tèmi, àwọn ti ẹ̀yìn ni ó sún mọ́ òtítọ́ jù. A lè ra ọ̀dà lọ́jà. A kò lè ra ogójì ọdún tí ènìyàn fi jókòó lórí ìjókòó kan. Síbẹ̀ ẹ̀rọ tí ìpáàrà bá ń jẹ run kò ní ìtàn kankan sọ lọ́la. Nítorí náà a gbọ́dọ̀ dáàbò bò ó, kí a má ṣe pa ojú rẹ̀ dà.

Kò yẹ kí n sọ adùn rẹ̀ kí n má sọ ewu rẹ̀. Èkíní, ìfẹ́ ẹ̀rọ lè jẹ ilé run. Ẹni tí ó ra ọ̀kan yóò fẹ́ ra èkejì, bí owó ilé-ìwé ọmọ bá sì ti ń bá irin lọ, ayọ̀ ti di ìkà. Èkejì, àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí wá láti ìgbà tí a kò tíì ń ṣe irin ààbò sí òkè orí awakọ̀. Bí ó bá dojú dé lórí òkè gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kò sí ohun tí yóò gba ẹni tí ó wà lórí rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má ṣe gbé ọmọdé lé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nítorí ẹ̀rín àti àwòrán. Ẹ̀kẹta, tí ó sì burú jù ní ojú mi, ni kí ènìyàn ti ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́lé, kí ó fi kọ́kọ́rọ́ sí àpò, kí ó má jẹ́ kí ọ̀dọ́ kankan fi ọwọ́ kàn án. Ẹni bẹ́ẹ̀ rò pé òun ń pa á mọ́. Ní ọjọ́ tí ó bá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò bá irin kan tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò mọ bí a ti ń jí, wọn yóò sì pe àwọn tí ń ra irin àlòkù.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo padà sí ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ó kàn wá nínú rẹ̀ pọ̀. Ilé ta ni kò sí ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá àgbà, tàbí òfì tí a ti kó sí àjà, tàbí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ tí kò fẹ́ná mọ́? A máa ń sọ pé ayé ti lajú, a sì jù wọ́n sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe igi àti irin ni a ń jù nù. Ọgbọ́n ọwọ́ àwọn tí ó lò wọ́n ni a ń jù nù, ọgbọ́n náà kò sì sí nínú ìwé. Àwọn àgbẹ̀ òkèèrè wọ̀nyí rí i pé àwọn arúgbó tí ó mọ ohùn ẹ́ńjìnnì ń dín kù lọ́dọọdún, wọ́n sì mú àwọn ọmọ wọn wá jókòó tì wọ́n nígbà tí etí àwọn arúgbó náà ṣì ń gbọ́.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi kò le. Bí ẹ bá ti ibí délé, ẹ wá ohun èlò àtijọ́ kan tí ó wà ní igun ilé yín. Ẹ nu eruku rẹ̀. Kí ẹ sì pe ẹni tí ó dàgbà jù nínú ilé, kí ẹ fi í sí ọwọ́ rẹ̀, kí ẹ wí fún un pé, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi hàn wá bí a ti ń ṣe é." Ẹ jẹ́ kí ọmọ tí ó kéré jù nínú ilé sún mọ́ ọn jù lọ. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan wà nínú wọn tí kò ní pẹ́ fi wá sílẹ̀. Ọwọ́ yẹn ni kí a tètè dì mú.