Ẹ Jẹ́ Kí Ẹrù Tí A Kò Lò Mọ́ Wúlò fún Ẹlòmíràn

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé oṣooṣù ẹ̀ka wa ní Ìbàdàn)



Ọ̀rọ̀ mi kò gùn. Ó dá lórí ẹrù tó kún yàrá wa: bẹ́ẹ̀dì ọmọ tó ti dàgbà, yunifọ́ọ̀mù tí kò gba ọmọ mọ́, fáànù tó ṣì ń fẹ́ tí a ti ra òmíràn. A kò lò wọ́n, a kò sì fún ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá bàjẹ́ tán, ẹlòmíràn a gbé tirẹ̀ jù sí gọ́tà.

Ará Ìbàdàn kò gbọdọ̀ fi gọ́tà ṣeré. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ, ọdún 1980, odò Ògùnpa kún bo ilé, ó sì gbé ènìyàn lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ, ọdún 2011, omíyalé tún ṣọṣẹ́ nígboro. Òjò ló rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí tí a dà sójú omi wà lára ohun tó dí i lọ́nà.

Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ kejì. ₦70,000 ni owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní ọdún 2024. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́, tó san owó ilé, owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ nínú rẹ̀, kí ló kù tí yóò fi ra fóòmù?

Nítorí náà ni mo ṣe dá a lábàá pé kí a ya yàrá kan sọ́tọ̀ ní sẹkitéríàtì wa, kí a máa kó irú ẹrù bẹ́ẹ̀ wá ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù. Òfin mẹ́ta ni kó wà níbẹ̀.

Èkíní, ohun tí o kò lè fún ọmọ ìyá rẹ, má gbé e wá.

Èkejì, kí àwọn oníṣẹ́ iná àárín wa yẹ gbogbo ohun tó ń lo iná wò. Áyọ́ọ̀nù tí wáyà rẹ̀ ti bó lè pa ọmọ.

Ẹ̀kẹta, a kò ní ta ohunkóhun, a kò sì ní dárúkọ ẹni tó gbà á. Oore tí a ń ròyìn kiri, èébú ni.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àga àlòkù ni a ó fi dípò owó oṣù tó tọ́ sí wa. Ìjà yẹn ṣì wà níwájú. Ṣùgbọ́n ẹni tó rí ibi sùn ló lè jí dìde jà.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.