Ìjàpá Tí Ó Wà ní Abúlé Òkúta

Bí ẹ bá gba ojú títì Abúlé Òkúta láti Ṣómólú lọ síhà Bàrígà, ẹ ó gbọ́ ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ẹ ó gbọ́ òòlù àwọn tí ń tún ara ọkọ̀ ṣe, ẹ ó sì rí iná àwọn jórinjórin tí ń ta pàrà lójú ọ̀nà. Ní ẹ̀yìnkùlé ilé kan níbẹ̀ ni Ìjàpá tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún yín wà. Kì í ṣe Ìjàpá ọkọ Yánníbo o. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ Volkswagen ni, èyí tí ó kéré, tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí roboto, tí àwọn baba wa rí tí wọn kò fi ní wá orúkọ mìíràn fún un.

Bàbá mi ni ó rà á ní 1976. Òun ni ó fi ń gbé wa lọ sí ilé ìwé, òun náà ni ó sì fi gbé ìyá wa lọ sí ilé ìwòsàn ní òru ọjọ́ tí wọ́n bí àbúrò mi obìnrin. Nígbà tí bàbá wa kú, ọkọ̀ náà jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, òjò ń pa á, adìẹ sì ń yé sínú rẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé kan, ọmọkùnrin kan tí ń ti ọmọlanke kiri láti ra irin àlòkù yà wọlé, ó gbá a lára gbàgbà, ó sì dá iye tí òun yóò san. Àwọn àbúrò mi gbà. Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi ní oṣù mẹ́ta. Inú wọn kò dùn, nítorí wọ́n fẹ́ fi àyè náà kọ́ ṣọ́ọ̀bù, n kò sì lè sọ pé wọn kò rí ẹjọ́ rò. Ilẹ̀ wọ́n ní Abúlé Òkúta.

Ẹ lè bi mí pé kí ni mo rí lára ọkọ̀ tí kò lè sáré yìí. Ó dára, ẹ gbọ́. Ọ̀gbẹ́ni Ferdinand Porsche ni ó ya àwòrán Ìjàpá ní ilẹ̀ Jámánì kí Ogun Àgbáyé Kejì tó bẹ̀rẹ̀, ní ayé ìjọba Hitler. Nígbà tí ogun parí, ọmọ rẹ̀, Ferry, wà ní ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Gmünd ní ilẹ̀ Austria. Ibẹ̀ ni ó ti kó ẹ́ńjìnnì Ìjàpá àti àwọn ẹ̀yà rẹ̀ mìíràn jọ, tí ó fi kọ́ ọkọ̀ eré sísá kan ní 1948. Èyí ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí a fi orúkọ Porsche pè. Nítorí náà, bí Porsche kan bá fò kọjá lára yín bí àṣá lórí afárá Third Mainland, ẹ má jẹ́ kí ó dẹ́rù bà yín: mọ̀lẹ́bí Ìjàpá ni.

Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ wo bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Bí ẹ bá ṣí iwájú rẹ̀, ẹrù ni ẹ ó bá níbẹ̀, àti táńkì epo. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì wà. Sílíńdà mẹ́rin ni ó ní, méjì sùn sí ọ̀tún, méjì sùn sí òsì. Kò ní rédíétọ̀, kò sì mu omi rárá. Fáànù ni ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i lára kí ó má bàa gbóná jù. Bẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni ó ń yí fáànù náà, bí bẹ́ẹ̀tì bá sì já, ẹni tí kò bá tètè dúró yóò fi ẹsẹ̀ rìn délé. Èyí tí ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti omi tí a fi ń fọ gíláàsì iwájú. Nínú èyí tí ó pọ̀ jù lára wọn, atẹ́gùn inú tááyà ìpamọ́ ni ó ń ti omi náà jáde! Bí àwa ọmọ bá fi omi yẹn ṣeré jù, bàbá wa yóò bá tááyà ìpamọ́ ní rírọ̀ ní ọjọ́ tí ó bá nílò rẹ̀, ẹ sì mọ ohun tí ó máa ń tẹ̀ lé e.

Má tilẹ̀ rò pé gbogbo wọn ni ó ti òkè òkun wá. Ní 1975, ilé iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí to ọkọ̀ ní Ọ̀jọ́, ní ojú ọ̀nà tí ó lọ sí Àgbádárìgì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti to Ìjàpá, wọ́n sì to òmíràn tí wọ́n sọ ní Igala. Ní ọdún kan náà ni ti Peugeot bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí náírà bẹ̀rẹ̀ sí já wálẹ̀ láti 1986, àwọn ẹ̀yà tí ń ti òkèèrè wá di ọ̀wọ́n gógó, iṣẹ́ Ọ̀jọ́ sì ń rọ̀ títí ó fi dákẹ́. Tòkúnbọ̀ gba ojú títì. Ní ọjọ́ 30 oṣù Keje 2003, Ìjàpá ìkẹyìn jáde ní Puebla, ní ilẹ̀ Mẹ́síkò. 21,529,464 ni iye gbogbo èyí tí wọ́n ṣe.

Àwọn kan ń sọ pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tiwa, pé ti òyìnbó tí ó ti jẹun yó ni. N kò gbà. Ọ̀nà díẹ̀ ni ó wà láàárín Abúlé Òkúta àti Yunifásítì Èkó ní Akọka, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀délé Awójọbí ti kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ. Nígbà tí Nàìjíríà kúrò ní apá òsì ọ̀nà bọ́ sí apá ọ̀tún ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin 1972, sítẹ́ríǹgì ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wá wà ní apá tí kò yẹ. Awójọbí tú ọkọ̀ Opel tirẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé sítẹ́ríǹgì láti ọ̀tún sí òsì. Lẹ́yìn náà ni ó mú jíìpù àwọn ológun kan, ó tún un ṣe tí ó fi lè fi jíà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ síwájú, kí ó sì fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà padà sẹ́yìn. Autonov 1 ni ó pè é. Ọmọ ọdún 47 péré ni nígbà tí ó kú ní 1984. Ère rẹ̀ wà ní oríta Oníkè. Ẹ yà wò ó bí ẹ bá ń kọjá.

Ní Ilé-Ifẹ̀ ńkọ́? Ní 2014, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ṣẹ́gun Oyèyíọlá, mú Ìjàpá kan, ó fi ohun tí ń gba agbára oòrùn sí orí rẹ̀, ó sì fi èyí tí ń lo afẹ́fẹ́ sí abẹ́ bọ́ńnẹ́ẹ̀tì, kí ó lè máa rìn láìmu epo. Ní Jámánì pàápàá, wọ́n ti ń yọ ẹ́ńjìnnì Ìjàpá àtijọ́ tí wọ́n sì ń fi mọ́tò iná mànàmáná rọ́pò rẹ̀. Mo ń ro ó fún ti bàbá wa, bí iná ọba bá lè dúró fún wa ní wákàtí mẹ́rin.

Mẹkáníìkì tí mo pè ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Mo bi í pé, “Bàbá, ṣé ẹ ní ọmọṣẹ́ tí ó mọ iṣẹ́ Ìjàpá?” Ó ní, “Ọmọ mi, kò sí. Wọ́n ní ta ni yóò gbé e wá?” Ó di ojú rẹ̀, ó ní kí n yí ẹ́ńjìnnì náà pẹ̀lú ọwọ́, ó sì fi etí sí i bí ẹni tí ń gbọ́ ìròyìn. Bóòtù mẹ́rin ni ó tú, ẹ́ńjìnnì sì bọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní irú rẹ̀ nílé, ẹ gbọ́ ohun tí ó sọ fún mi: ẹ gbé àga ẹ̀yìn kí ẹ tó gbé ohunkóhun. Abẹ́ rẹ̀ ni bátìrì ń gbé, ibẹ̀ ni irin máa ń kọ́kọ́ dógùn-ún, pàápàá ní ẹ̀bá ọ̀sà bíi tiwa. Lítà méjì àtààbọ̀ ni ọ́ìlì rẹ̀. Sẹ́ẹ̀ kan ni ó ń jọ ọ́, ẹ fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá pààrọ̀ ọ́ìlì.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá a so bátìrì tuntun mọ́ ọn. Ó kọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́. Lẹ́ẹ̀kẹta ó dáhùn, tàkà-tàkà-tàkà, adìẹ fò jáde. Àbúrò mi obìnrin, tí ó ń rọ̀ wá jù lórí ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù, jáde láti ilé ìdáná, kò sọ̀rọ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó lọ jókòó sẹ́yìn níbi tí ó máa ń jókòó. Mo ní kí ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, nítorí jórinjórin kò tíì dí ihò ilẹ̀ ọkọ̀. Oṣù mẹ́ta tí wọ́n fún mi ku ọ̀sẹ̀ méjì.