Kí Ni P Ń Wá Nínú Rìsíìtì?

Ọmọ ọdún méje tó ń gbé Okokomaiko lè sípẹ́lì orúkọ àdúgbò rẹ̀ láìkọsẹ̀. Lẹ́tà mẹ́wàá ni, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló sì ń dún. Ṣùgbọ́n kí ẹnìkan ní kó kọ orúkọ ibi tí àwọn ṣọ́jà ń gbé ní Ọ̀jọ́, tí kò ju lẹ́tà mẹ́jọ lọ, nǹkan á yí pa dà. Á kọ "Barack". Àgbàlagbà púpọ̀ náà á kọ "Barack", bí ẹni pé Obama tó ṣe ààrẹ Amẹ́ríkà ló ni ilé náà. "Barracks" ni: r méjì, k lẹ́yìn c, s tó ń ti ilẹ̀kùn.

Kì í ṣe pé orí ọmọ náà kú. Etí rẹ̀ ló mọ́ jù. Yorùbá ló kọ́kọ́ kọ́ ọ pé ohun tí èèyàn bá gbọ́ ni kó kọ: lẹ́tà 25, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ìró tirẹ̀, tí kò sì sí èyí tó ń jókòó lásán nínú ọ̀rọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ní lẹ́tà 26, ìró tó tó bíi 44 ló sì ń fi wọ́n kọ, nítorí náà lẹ́tà kan á máa ṣe iṣẹ́ méjì mẹ́ta, òmíràn á sì máa gba oríyìn láìṣiṣẹ́ kankan. Ní ti r méjì inú "barracks", Yorùbá kì í to r lé r, ọmọ náà kò sì rí ohun tó máa fi dì í mú lọ́kàn.

Kí àwa náà má fi Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ̀sín jù ṣá o. Pátákó ojú títì kọ "OJO" gàdàgbà, láìsí àmì kankan lórí tàbí nísàlẹ̀. Àjèjì tó bá kà á, ṣé òjò ló máa pè é ni, àbí ọjọ́, àbí Òjó tó jẹ́ orúkọ àmútọ̀runwá, àbí ojo tó ń sá lójú ogun? Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ò sì dára lẹ́gbẹ̀ẹ́ bárékè.

Títì kan náà tó gba Okokomaiko kọjá ló ń lọ sí Àgbádárìgì, níbi tí àwọn Mẹ́tọ́díìsì ti dá ilé-ìwé sílẹ̀ ní 1843. Ọdún 1843 yẹn náà ni ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Samuel Ajayi Crowther ṣe jáde ní Lọ́ndọ̀nù. Nígbà tó di 1875, wọ́n ṣèpàdé ní Èkó láti fẹnu kò lórí bí wọn yóò ṣe máa kọ Yorùbá. Èdè wa jẹ àǹfààní yẹn: àwọn èèyàn jókòó, wọ́n fetí sí ìró, wọ́n wá lẹ́tà fún un.

Gẹ̀ẹ́sì kò rí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀. William Caxton gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dé Westminster ní 1476, nígbà tí bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀rọ̀ ń yí pa dà lọ́wọ́. K inú "knife" ṣì ń dún láyé ìgbà náà. Ẹnu yí, ìwé kò yí. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀mọ̀wé tó gbọ́ Látìnì tún fi lẹ́tà kún èyí tó wà nílẹ̀. Wọ́n mú ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn Faransé fún gbèsè, tí kò ní b rárá, wọ́n ní baba ńlá rẹ̀ ní Látìnì ní b, wọ́n bá ki b bọ inú "debt". Wọ́n ṣe é fún "doubt". Wọ́n ṣe é fún rìsíìtì náà, tí "recepta" ti Látìnì fún ní p tí kò sẹ́ni tó ń pè é. Èyí tó pani lẹ́rìn-ín ni pé "deceit" àti "conceit", tí wọ́n jọ ti agbo ilé kan náà wá, kò rí p kankan gbà nínú ogún. Nígbà tí Samuel Johnson ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi máa tẹ ìwé atúmọ̀-èdè rẹ̀ jáde ní 1755, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Oníṣòwò ọjà Alábà tó kọ "reciept" sórí ìwé tó fi ta tẹlifíṣọ̀n kò gọ̀, nígbà náà. Kò sẹ́ni tó ki oríkì ọ̀rọ̀ náà fún un rí ni. Oríkì ni ọ̀pọ̀ lẹ́tà tó yadi nínú Gẹ̀ẹ́sì: wọ́n ń sọ ilé tí ọ̀rọ̀ ti wá àti àwọn tó bá a tan. Bí oníṣòwò yìí bá ti rántí "reception", ó bùṣe: níbẹ̀, e ló tẹ̀lé c, p sì ń dún ketekete. Gbogbo ará Èkó ló mọ "debit alert", tó máa ń dún lórí fóònù tí àyà á já. B tó ń dún nínú "debit" yẹn ni b tó yadi nínú "debt". G tó sá pamọ́ nínú "sign" jáde síta nínú "signature". Ẹni tí kì í kọ "prepere" kò ní ìdí tó fi yẹ kó kọ "seperate", nítorí "parare" ti Látìnì ló bí àwọn méjèèjì. "Definitely" sì bá "finish" tan. I ni wọ́n jọ ń jẹ, kì í ṣe a.

Èyí tó dùn jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti fọkanáísà. Táyà àlòkù kan á dúró lẹ́bàá títì lọ́nà Ìyànà Ìbà, wọ́n á ti fi ọ̀dà funfun kọ iṣẹ́ yípo rẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni "vocanizer", ọ̀tọ̀ ni "vulganizer", lẹ́tà tó kẹ́yìn á sì ti fẹ́ kan èyí tó ṣáájú nítorí táyà kò gba ọ̀rọ̀ náà tán. Ta ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí? Vulcan ni, òrìṣà iná àti iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ láàárín àwọn ará Róòmù àtijọ́, Ògún tiwọn. Ní 1839, Charles Goodyear ará Amẹ́ríkà ṣàwárí pé bí wọ́n bá fi imí-ọjọ́ sínú rọ́bà tí wọ́n sì mú un gbóná, rọ́bà náà kì í yọ́ nínú ooru mọ́, kì í sì í gan nínú òtútù. Orúkọ òrìṣà náà ni wọ́n fi pe iṣẹ́ ọ̀hún. Ẹni tó bá ti mọ̀ pé Ògún àwọn ará Róòmù ló fara pamọ́ síbẹ̀, v-u-l-c-a-n ni yóò kọ́kọ́ kọ, ìyókù á tẹ̀lé e wálé.

Àwọn ọmọ tó ń díje mọ àṣírí yìí. Nínú ìdíje sípẹ́lì ńlá ti Amẹ́ríkà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1925, ọmọ lè béèrè èdè tí ọ̀rọ̀ ti wá kó tó dáhùn. Ní Èkó níbí, New Era Foundation tí Olúrẹ̀mí Tinúbú dá sílẹ̀ ló gbé ìdíje Spelling Bee kalẹ̀, ọmọ tó gbégbá orókè níbẹ̀ sì ti ṣe gómìnà fún ọjọ́ kan rí. Àwọn olóṣèlú mìíràn ná owó jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn ò débẹ̀.

Ṣùgbọ́n oríkì náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. "Maintain" bí "maintenance", ọmọ kò jọ ìyá. "Pronounce" bí "pronunciation", o kan já bọ́ lójú ọ̀nà. "Four" ní u, "forty" kò ní, àwọn tó ń kọ ṣẹ́ẹ̀kì sì ń kọ "fourty" lọ ràì. Nínú bárékè, ẹnu ń pe kọ́nẹ́ẹ̀lì, ìwé ń kọ "colonel", nítorí ọ̀dọ̀ àwọn tó fi r pè é ni Gẹ̀ẹ́sì ti gba pípè rẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn ará Ítálì tó fi l kọ ọ́ ló sì ti gba kíkọ rẹ̀. "Corps" tiẹ̀ tún burú jù: p yadi, s yadi. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ NYSC, tí wọ́n ti ń sin ilẹ̀ yìí láti 1973, fi ń di "copper" lórí pátákó ìkíni-káàbọ̀, bí ẹni pé bàbà ni wọ́n fi rọ wọ́n.

Níbi tí oríkì bá ti kùnà, ẹnu Yorùbá tí wọ́n ti fi ń bú wa láti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló kù. Olùkọ́ á na ọmọ tó bá pe Wẹ́dìnẹ́sìdè. Ó tọ́ kó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń pè é, àmọ́ ọmọ tó bá fi Wẹ́-dì-nẹ́-sì-dè pamọ́ sínú ọkàn kò ní pàdánù d yẹn láéláé. Kó máa pe "business" ní bú-sí-nẹ́sì nínú ọkàn rẹ̀, kó pe "February" ní Fẹ́-bú-rú-à-rì, kó pe "knife" ní kí-ní-fè. Ẹnu méjì ni kó ní: ọ̀kan fún ìta, ọ̀kan fún bébà.

Lẹ́tà méjì-méjì ni etí kò lè gbọ́ rárá. Ojú ló ni iṣẹ́ ìyẹn. Níwájú géètì LASU, yunifásítì tí ìjọba ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1983, ilé gbígbé jẹ́ òwò ńlá, "accomodation" sì pọ̀ lórí pátákó àwọn ajẹ́ńtì. Bẹ́ẹ̀ ilé face-me-I-face-you tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà gan-an ni ìdáhùn: c kọjú sí c, m kọjú sí m, kọ́rídọ̀ nìkan ló là wọ́n. Ẹni tó bá yọ m kan ti lé ayálégbé jáde láìfún un ní nótíìsì. R inú "barracks" tò ní méjì bí ṣọ́jà tó ń yan. Bùbá ni "necessary": ọrùn kan, apá méjì, c kan, s méjì.

Ìjìyà tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ fẹ́ràn ni kí ọmọ kọ ọ̀rọ̀ tó ṣì kọ nígbà 50. Bí ọmọ ṣe ń ṣe é nìyí: á kọ m 50 láti òkè bébà dé ìsàlẹ̀, á pa dà sókè kọ a 50 sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀ i. Ó ti gbin lẹ́tà ní poro-poro bí àgbàdo, kò sì tíì kọ "maintenance" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọwọ́ ń ṣiṣẹ́, orí ti sùn. Kó wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa, kó pa ìwé dé, kó kọ ọ́ látinú orí, kó ṣí i yẹ̀ wò. Kó tún un ṣe lọ́la, kó tún un ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Hermann Ebbinghaus ará Jámánì, tó fi iyè ara rẹ̀ ṣe ìdánwò, ti fi hàn láti 1885 pé ẹ̀kọ́ tí wọ́n pín sí ọjọ́ púpọ̀ ń pẹ́ lọ́kàn ju èyí tí wọ́n rọ́ sínú lẹ́ẹ̀kan náà lọ.

Àṣìṣe yìí sì lówó lórí. Nínú àròkọ Gẹ̀ẹ́sì ti WAEC, tó gba máàkì 50, mẹ́wàá jẹ́ ti àkọtọ́ àti gírámà. Ìlàjì máàkì ni àṣìṣe kan máa ń gbé lọ, nítorí náà 20 péré ti tó láti gbọ́n ọn gbẹ.

Fóònù kò lè gba gbogbo ènìyàn là. Á fa ìlà pupa sábẹ́ "colour", nítorí ọ̀nà ti Amẹ́ríkà, tí Noah Webster gbé lárugẹ nínú ìwé atúmọ̀-èdè rẹ̀ ní 1828, ni wọ́n fi kọ́ ọ. Àmọ́ bí oníbísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà bá kọ "stationary" fún bébà àti bírò tó ń tà, fóònù á dákẹ́, torí ọ̀rọ̀ gidi ni. Pé "ohun tó dúró sójú kan" ni ìtumọ̀ rẹ̀ kò kàn án.

Ẹni tó ń kọ pátákó ló wà nínú ewu jù. Ohun tí oníbàárà bá kọ sórí pélébé ìwé ló máa gbé sókè. Á ka iye lẹ́tà, á fi ẹfun pín pátákó dọ́gba-dọ́gba, á yàwòrán lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kó tó ṣí agolo ọ̀dà. Ìgbà yẹn ló yẹ kí oníbàárà kúrò nídìí fóònù, kó wá dúró níwájú pátákó, kó fi ẹnu Yorùbá pè é láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kó ka c, kó ka m. Bí m bá jẹ́ ẹyọ kan, àkísà tútù lásán ni wọn yóò fi nu ẹfun náà.