Ẹni Tí Ó Yẹ Kí Ó Bá Wa Ṣọ́ Àpò Ìlú

  Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lálẹ́ òní kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a ń lu ìlù sí. Ọ̀rọ̀ àyè kan ṣoṣo tí ó ṣófo ni. Bí ẹnìkan bá kúrò nínú ìgbìmọ̀ tí ń ṣètò owó ìlú, yálà ikú ni ó mú un lọ, yálà ara ni kò gbé e mọ́, ta ni kí á fi rọ́pò rẹ̀? Irú ènìyàn wo ni ó yẹ kí ó jẹ́? Báwo ni a ó sì ṣe yàn án?

Ẹni tí yóò jókòó sí àyè náà kò ní gba owó oṣù. Yóò yọ̀ọ̀da ara rẹ̀ ni. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ ìlú kì í fara balẹ̀ kí wọ́n tó yàn án. Wọ́n á ní, ‘Ta ni ó tilẹ̀ fẹ́ bá wa ṣe é?’ Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ nawọ́ sókè, tàbí ẹni tí owó rẹ̀ pọ̀ jù láàrin wọn, ni wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún, ìpàdé á sì tú ká. Bí ó bá di ọdún mélòó kan, tí a bá béèrè ìṣirò, wọ́n á tún ní, ‘Ẹni tí ó ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, kí ni ẹ ń bi í sí?’ Ohun tí mo fẹ́ kí á jọ gbé yẹ̀wò nìyẹn. Èrò tèmi ni pé iṣẹ́ ọ̀fẹ́ kì í ṣe iṣẹ́ tí kò ní ìṣirò. Ẹni tí a kò lè bi léèrè, bí ó ti wù kí ó jẹ́ olóòótọ́ tó, kò yẹ ní ẹni tí à ń fi àpò ìlú lé lọ́wọ́.

Àwọn baba wa mọ iṣẹ́ ọ̀fẹ́ kí òyìnbó tó dé. Bí àgbẹ̀ bá bẹ ọ̀wẹ̀, àwọn ará àti ọ̀rẹ́ yóò gbé ọkọ́ wọn, wọn yóò wá bá a kọ ebè. Kò ní san owó fún wọn, àfi kí ó fún wọn ní oúnjẹ àti ohun mímu. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan nínú wọn bá ń kọ ebè pẹlẹbẹ tí kò lè gba iṣu, ǹjẹ́ olóko yóò dákẹ́ nítorí pé kò sanwó? Rárá o. Yóò ní, ‘Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ebè yín ga díẹ̀ sí i.’ Ẹni tí a wí fún kò sì ní bínú, nítorí ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ iṣu ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwọ̀sí. Bí ó ti rí nínú oko ni ó yẹ kí ó rí nínú àpò owó.

Èdè wa pàápàá ti kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ yìí. Akápò ni à ń pe ẹni tí owó ẹgbẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn onífá ti ń lo ọ̀rọ̀ náà tipẹ́: babaláwo ni akápò Ọ̀rúnmìlà, ẹni tí ń gbé àpò tẹ̀ lé e. Kì í ṣe òun ni ó ni Ifá. Ìránṣẹ́ Ifá ni. Nítorí náà, bí a bá pe ènìyàn ní akápò ìlú, ohun tí a sọ ni pé ìlú ni ó ni àpò, ìlú ni ó sì lè ní kí ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí a wo inú rẹ̀. Kò sí àrífín kankan níbẹ̀.

Ẹ tún wo èsúsú. Ọ̀rọ̀ náà rìn títí ó fi sọdá òkun. Ní Trinidad, susu ni wọ́n ń pè é títí di òní. Ní Sierra Leone, osusu ni. Kì í ṣe pé àwọn tí ń dá èsúsú jẹ́ áńgẹ́lì. Ohun tí ó mú un dúró ni pé olúkúlùkù mọ iye tí òun dá, ó mọ iye tí ẹnìkejì rẹ̀ dá, ó sì mọ ọjọ́ tí yóò kan òun. Ìgbẹ́kẹ̀lé tí ó ní ètò nínú ni.

Kí ọ̀rọ̀ wa má baà máa fò lókè, ẹ jẹ́ kí á gbé e kalẹ̀ sí ibì kan. Ẹ jẹ́ kí á gbé e lọ sí Orè àti Odígbó ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ìlú méjì tí kò jìnnà síra ni wọ́n. Ìjọba ìbílẹ̀ wọn ń jẹ́ Odígbó, ṣùgbọ́n Orè ni olú-ìlú rẹ̀: ìlú kan fún un ní orúkọ, èkejì fún un ní ibùjókòó. Nígbà ìkànìyàn 2006, àwọn ènìyàn tí ó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ náà lé ní 200,000. Ìkóríta ni Orè. Ọ̀nà Èkó sí Bìní gba ibẹ̀ kọjá. Ẹni tí ó ń lọ sí Òkìtìpupa yà sí apá kan, ẹni tí ó ń lọ sí Odígbó àti Oǹdó yà sí apá kejì. Ibẹ̀ ni a ti dá àwọn ọmọ-ogun Biafra dúró ní 1967, tí orúkọ ìlú náà fi kárí Nàìjíríà. Kòkó, rọ́bà, igi gẹdú àti ọkọ̀ èrò ló ń kó ènìyàn lọ síbẹ̀. Bí ẹ bá dé gáréèjì tàbí ọjà níbẹ̀, ẹ ó bá Ìkálẹ̀, ẹ ó bá ará Oǹdó, Ìlàjẹ, Ìjẹ̀ṣà, Ìgbò, Úròbò àti Haúsá.

Ǹjẹ́ bí irú ìlú báyìí bá fẹ́ ra tiransifọ́mà, tàbí kí ó tún gọ́tà ọjà ṣe, ta ni ó ń dá owó? Gbogbo wọn ni. A kì í yọ ẹlẹ́pà sílẹ̀ pé àlejò ni, bẹ́ẹ̀ ni a kì í yọ alágbàtà pákó sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àyè kan bá ṣófo nínú ìgbìmọ̀ tí yóò ná owó náà, wọ́n á sọ pé ọmọ onílẹ̀ nìkan ni ó tọ́ sí. Bí Odígbó àti Orè bá sì jọ dá owó, ará ìhín á ní ti àwọn ni, ará ọ̀hún á ní ti àwọn ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ mi yé. Ọmọ onílẹ̀ ni ó ni ilẹ̀. N kò bá ẹnikẹ́ni du ìyẹn. Oyè ní ìdílé, ilẹ̀ ní olórí ẹbí. Ṣùgbọ́n owó àpapọ̀ kì í ṣe ilẹ̀. Àwọn tí ó dá a ni ó ni ín.

Bí ó bá jọ ẹnikẹ́ni lójú pé ọ̀rọ̀ kékeré ni èyí, kí ó rántí Abẹ́òkúta. Àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ń san owó-orí tiwọn lọ́tọ̀, síbẹ̀ kò sí obìnrin nínú ìgbìmọ̀ tí ń ṣàkóso ìlú. Láti 1947 ni wọ́n ti dìde lẹ́yìn Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti. Ní oṣù kìn-ín-ní 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì fi orí ìtẹ́ sílẹ̀, kò sì padà títí di oṣù Kejìlá 1950. Nígbà tí a wá tún ìgbìmọ̀ tò, obìnrin mẹ́rin wọlé sí i. Ẹ wò ó, àyè mẹ́rin péré! Bí a bá ti fún wọn láyè náà ṣáájú, ta ni ó mọ iye wàhálà tí ìlú ì bá yẹra fún? Ogún ọdún lẹ́yìn ìyẹn, ní 1968 àti 1969, àwọn Àgbẹ̀kọ̀yà dìde ní Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, tí Oǹdó wà nínú rẹ̀ nígbà náà. Ẹ̀mí ṣòfò. Kì í ṣe bí owó-orí ti pọ̀ nìkan ni ó bí wọn nínú. Wọ́n ní àwọn kò rí ohun tí wọ́n fi owó náà ṣe.

Kì í ṣe àwa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, àwọn ìlú máa ń ní ìgbìmọ̀ ìṣúná tí ó jẹ́ pé ará ìlú tí kò gba owó oṣù ni ó wà nínú rẹ̀. Wọ́n ń yẹ ètò ìnáwó wò, wọ́n sì ń gba ìlú nímọ̀ràn. Kì í ṣe àwọn ni ó ń kọ́wọ́ bọ àpò. Òfin sọ pé sáà ẹnìkọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ ju ọdún mẹ́ta lọ. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀wẹ̀, òfin ìjọba ìbílẹ̀ ti 1972 gbà kí ìgbìmọ̀ kéékèèké mú ẹni tí a kò dìbò yàn mọ́ra, ṣùgbọ́n ó yọ ìgbìmọ̀ tí ń ṣàkóso owó sọ́tọ̀: ẹni tí a dìbò yàn nìkan ni ó lè jókòó síbẹ̀. Ọ̀nà méjèèjì kò jọra, ṣùgbọ́n ibì kan náà ni wọ́n ń lọ. Ẹni tí ó wà nídìí owó gbọdọ̀ ní ẹni tí ó lè bi í léèrè.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí mo ṣe rò pé ó yẹ kí á ṣe é. Èkínní, kí a kéde àyè tí ó ṣófo ní ọjà, ní gáréèjì, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní mọ́ṣáláṣí, kí ó má jẹ́ pé yàrá ẹnìkan ni a ti parí rẹ̀. Èkejì, kí a sọ iṣẹ́ náà bí ó ti rí: iye ìgbà tí ìpàdé yóò máa wáyé, pé yóò ka ìwé báńkì, pé yóò yẹ rìsíìtì wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Olówó tí kò ráyè wá sí ìpàdé, ẹ jẹ́ kí ó máa fi owó ràn wá lọ́wọ́. Ẹ má fi í ṣọ́ àpò. Olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, tàbí ìyá aláṣọ tí kì í ṣi ìṣirò ọjà rẹ̀ ṣe, lè dára jù ú lọ.

Ẹ̀kẹta, kí a bi í ní gbangba: ǹjẹ́ ó ń ta ohunkóhun fún ìlú? Ǹjẹ́ òun, tàbí àna rẹ̀, tàbí àbúrò rẹ̀, ni agbaṣẹ́ṣe tí ìgbìmọ̀ yóò san owó fún? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kò ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n kò lè jẹ́ olùtajà kí ó tún jẹ́ olùrà. Ẹ̀kẹrin, kí a ṣí ìwé owó fún un kí ó tó gbà. Kí a ka owó tí ó wà nílẹ̀ lójú ẹlẹ́rìí, kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹni tí ń lọ àti ẹni tí ń bọ̀ jọ buwọ́ lù ú. Bí a kò bá ṣe é lọ́jọ́ náà, gbèsè ẹni àná ni a ó máa bi ẹni òní. Ẹ̀karùn-ún, kí sáà rẹ̀ ní òpin, kí a sì ka ìṣirò fún ìlú lọ́dọọdún ní èdè tí ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ yóò gbọ́.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò sọ pé bí a bá le tó báyìí, kò sí ẹni tí yóò fẹ́ wá. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí ń lé ènìyàn rere sá nídìí iṣẹ́ ìlú kì í ṣe ìbéèrè, òfófó ni. Ẹni tí a kò bi léèrè ní ìpàdé ni à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Bí ó bá kọ́lé, wọ́n á ní owó ìlú ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìwé rẹ̀ wà ní ṣíṣí, kò sí ẹni tí yóò fi ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ba orúkọ rẹ̀ jẹ́. Ìbéèrè wa ni asà rẹ̀.

Ìdí kan tún wà tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan wa nísinsìnyí. Ìgbìmọ̀ ìlú tí mo ń sọ yàtọ̀ sí ìjọba ìbílẹ̀, tí owó tirẹ̀ ń wá láti Àbújá lábẹ́ òfin. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù keje 2024, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ gbọdọ̀ máa dé ọ̀dọ̀ wọn tààrà, kí ìjọba ìpínlẹ̀ má ṣe dá a dúró mọ́. Ìdájọ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n bí owó bá dé tán, ta ni yóò bi alága léèrè bí ó ti ná an? Ìlú tí ojú ń tì láti bi akápò tirẹ̀ léèrè owó gọ́tà, níbo ni yóò ti rí ẹnu béèrè owó tí ó ju ìyẹn lọ? Ibi kékeré ni a ti ń kọ́ ọ. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará Orè, ẹ̀yin ará Odígbó, àti gbogbo ìlú tí àyè bá ṣófo nínú ìgbìmọ̀ wọn, ẹ má ṣe kánjú. Ẹ wá ẹni tí ó lè béèrè, tí a sì lè bi léèrè. Bí ẹ bá rí i, ẹ má wo ibi tí ó ti wá, ẹ má wo bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Ẹ fún un ní àga, ẹ fún un ní ìwé owó, kí ẹ sì jókòó ti ìṣirò rẹ̀.