Ta Ni Yóò Kọ́lé fún Ọmọ Tó Ń Kan Ẹ̀ṣẹ́?

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa, Igbó-Ọrà



Àwọn àgbà kò lè gbàgbé ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ ọdún 1963. Lọ́jọ́ náà, ní Liberty Stadium n'Ibadan, tí ń jẹ́ Obafemi Awolowo Stadium lónìí, Dick Tiger na Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà títí àwọn tó wà lẹ́yìn Fullmer fi ní ó tó, nígbà tí abala keje parí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n ja ìjà bẹ́líìtì ayé ní orílẹ̀-èdè tí àwọn aláwọ̀ dúdú ń ṣèjọba ní Áfíríkà.

Òṣìṣẹ́ bí tiwa ni Dick Tiger. Nígbà tó dé Liverpool ní 1955, ó ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ọ̀dà. Ìjà mẹ́rin àkọ́kọ́ tó jà ní ìlú òyìnbó, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n ti nà án. Kò jáwọ́. Ó gba bẹ́líìtì ayé ní 1962, ó tún gba ti ìwọ̀n mìíràn ní 1966. Síbẹ̀, lẹ́yìn gbogbo ariwo yẹn, iṣẹ́ ọdẹ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní New York ló ṣe kẹ́yìn. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ pa á ní oṣù kejìlá ọdún 1971. Ẹni ọdún 42 péré ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Ara ni irinṣẹ́ abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò, gẹ́gẹ́ bó ti jẹ́ irinṣẹ́ alágbàrù. Ọjọ́ tí ara bá kọ̀, àtẹ́wọ́ kì í bọ́ ọmọ.

Ẹ wo Ghana. Àdúgbò kan wà létí òkun ní Accra, Bukom lorúkọ rẹ̀, ilé àwọn apẹja. Ibẹ̀ ni Ike Quartey ti wá, ẹni tó gba bẹ́líìtì ayé ní 1994. Ní 2016, Ààrẹ John Mahama ṣí ilé ẹ̀ṣẹ́ ńlá kan níbẹ̀, Bukom Boxing Arena. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: owó àjọ ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́, SSNIT, ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ààrẹ ló ṣí i, òṣìṣẹ́ ló dá owó rẹ̀.

A kò ní kí ẹnikẹ́ni kó owó ìfẹ̀yìntì wa lé ẹ̀ṣẹ́. Owó ọjọ́ ogbó ni. Ẹni tó bá fẹ́ ná an gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi wá. Ohun tí à ń sọ ni pé òṣìṣẹ́ lè kọ́lé fún ọmọ rẹ̀.

Ní Ìbàràpá méje, láti Igbó-Ọrà dé Èrúwà, láti Lánlátẹ̀ dé Ayétẹ̀, ọmọ alágbára kò wọ́n wa. Nínú gáréèjì ni a ti ń rí wọn, tí wọ́n ń lu ara wọn nítorí owó ọkọ̀. Ẹ̀ṣẹ́ tó ní olùkọ́ a máa di iyì. Èyí tí kò ní a di ẹjọ́ ní àgọ́ ọlọ́pàá.

Ilẹ̀ títẹ́, òrùlé páànù, àpò iyanrìn, ìbọ̀wọ́ àti olùkọ́ tó mọṣẹ́ tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ̀ka wa lọ bá ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a fi òfin mẹ́ta lélẹ̀. Èkíní, bí kò bá sí dókítà, kò sí ìjà, nítorí ẹ̀ṣẹ́ tó ń ba orí léraléra a máa ba ọpọlọ jẹ́. Èkejì, ọmọ tó ń kan ẹ̀ṣẹ́ gbọ́dọ̀ wà ní ilé-ìwé tàbí lẹ́nu iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ̀kẹta, bó bá gba owó, kí a yọ díẹ̀ pamọ́ lórúkọ rẹ̀ de ọjọ́ alẹ́.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹ jẹ́ kí a fìmọ̀ ṣọ̀kan.